Lẹ́tà sí Bísí Nípa Odídẹrẹ́ Àgbà Tí Mo Gbà Tọ́

Lewisham,
Lọ́ńdọ̀nù,
Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Bísí ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Ìwó? Bàbá Káyọ̀ ńkọ́? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé òróró tí mo fi rán ọ ń bá ọ lára mu? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Òtútù ibí yìí nìkan ni kò tíì fi wá lọ́rùn sílẹ̀.

Nígbà tá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, ìbéèrè lo ń to lé ìbéèrè kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó já wa jù sílẹ̀. O ní kí ni mo fẹ́ fi ẹyẹ arúgbó ṣe. O ní ṣé ó ti ń sọ̀rọ̀. O ní tí ìkóódẹ rẹ̀ bá ń jábọ́, kí n máa kó o pamọ́ dè ọ́. Lẹ́yìn náà lo wá dá a sọ bí ohun tí kò tó nǹkan, pé Káyọ̀ ti rí ẹnì kan tí yóò ta odídẹrẹ́ kékeré fún un, kí ọmọ rẹ̀ lè rí nǹkan fi ṣeré. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Mo wá jókòó láti dáhùn gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n o mọ̀ mí, n óò yà sọ́tùn-ún, n óò yà sósì. Gbé omi mímu sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí kà á.

Charlie ni orúkọ odídẹrẹ́ tí mo gbà. Orúkọ tó bá wá nìyẹn, mi ò sì yí i padà, nítorí nínú gbogbo ohun tó ní tẹ́lẹ̀, orúkọ yẹn nìkan ló kù fún un. Irú tiwa gan-an ni: ara eérú, awọ ojú funfun, ẹnu dúdú, ìrù pupa fòò. Bàbá òyìnbó kan ló sìn ín fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ara bàbá náà kò gbé e mọ́, wọ́n mú un lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, wọn kì í sì í gba ẹyẹ níbẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò ráyè. Charlie dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan, ẹni yẹn ní ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Ó dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, ó gé ọmọ wọn jẹ. Ni wọ́n bá gbé e lọ sí ibùdó tí wọ́n ti ń gba àwọn ẹyẹ tí kò nílé mọ́.

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ti ń lọ bá wọn fọ àgò níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ibẹ̀ ni mo ti ń rí àwọn tó ń wá mú ẹyẹ. Ọmọ ẹyẹ ni gbogbo wọn ń béèrè, èyí tí wọ́n lè kọ́ ní orúkọ ara wọn. Wọn a dé ìdí àgò Charlie, wọn a rí àyà rẹ̀ tó ti fi ẹnu ara rẹ̀ tu tán, wọn a gbọ́ bó ṣe ń kùn, wọn a sì kọjá. Ó ń dùn mí. Odídẹrẹ́ tó bá rí ìtọ́jú lè gbé 40 ọdún, òmíràn a tó 60. Ẹni tó bá rà á lẹ́yìn tí irun orí ti ń funfun, àfàìmọ̀ kó má kú fi í sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ibùdó yẹn fi kún fún àwọn ẹyẹ tí olówó wọn ti kú tàbí tí ara wọn kò yá mọ́.

Jẹ́ kí n sọ èyí kí n tó gbàgbé. Ní Westminster Abbey níbí, níbi tí wọ́n ti máa ń sin àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì sí láyé àtijọ́, ère ìyálóde kan wà, Frances Stewart, Duchess ti Richmond, tó kú ní 1702. Odídẹrẹ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère náà. Ẹyẹ gidi ni o, wọ́n rọ nǹkan sínú awọ rẹ̀ kó má bàa jẹrà. Wọ́n ní nǹkan bí 40 ọdún ni òun àti ìyá náà fi jọ gbé, àti pé kò pẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀ tí ẹyẹ náà fi tẹ̀ lé e. Mo lọ wò ó. Mo dúró pẹ́ níwájú rẹ̀, nítorí ọmọ ilẹ̀ wa ni, ó sì ti lé ní 300 ọdún tó ti wà lókè òkun.

Ká padà sọ́dọ̀ Charlie. Lọ́jọ́ tí dókítà ẹranko kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó fi òrùka irin kan hàn mí lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹyẹ tí wọ́n bá pa sínú àgò, òrùka tí kò ní ojú ìpàdé ni wọ́n ń fi sí i lẹ́sẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ òròmọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì lè gba inú rẹ̀ kọjá. Òrùka Charlie ní ojú ìpàdé: wọ́n ya ẹnu rẹ̀, wọ́n sì fún un pa mọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ tó ti dàgbà. Irú èyí ni wọ́n ń fi sí ẹsẹ̀ àwọn tí wọ́n kó wá láti inú igbó.

O ti gbọ́ bí àwọn ọdẹ ẹyẹ ṣe ń ṣe é. Wọ́n á so odídẹrẹ́ kan mọ́ orí igi kó máa ké, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ wá bá a, ẹsẹ̀ àti ìyẹ́ wọn á lẹ̀ mọ́ àtè. Wọ́n á gé ìyẹ́ apá wọn, wọ́n á há wọn mọ́ inú àpótí, ọ̀pọ̀ á sì kú kí wọ́n tó dé pápá ọkọ̀ òfuurufú. Láti 1975 wá, odídẹrẹ́ tí wọ́n kó kúrò ní Áfíríkà pẹ̀lú ìwé àṣẹ ju mílíọ̀nù kan lọ, ká má tíì sọ èyí tí wọ́n fi fàyàwọ́ kó. Yúróòpù dá kíkó ẹyẹ igbó wọlé dúró ní 2005 nígbà tí àrùn ẹyẹ H5N1 ń jà kiri, ní 2007 wọ́n sọ ọ́ di òfin tí kò ní gbèdéke. Ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú CITES, àdéhùn lórí òwò àwọn ohun ẹlẹ́mìí inú igbó, pàdé ní Johannesburg, wọ́n sì dìbò pé kí òwò odídẹrẹ́ igbó láti ilẹ̀ kan sí òmíràn dópin. Òfin yẹn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì oṣù Kìíní 2017.

Nítorí náà Charlie ti wà níbí kí ìlẹ̀kùn tó tì. Dókítà rò pé ó ti lé ní 30 ọdún. Bóyá Nàìjíríà ni wọ́n ti mú un, bóyá Cameroon, bóyá Congo, kò sí ìwé tó sọ ọ́.

Bísí, ìwọ náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí Màámi gbé ọwọ́ lé mi lórí, tí wọ́n ń wúre pé odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣe àmín sí i. Odídẹrẹ́ gidi wá jókòó síwájú mi, èyí tí ẹnikẹ́ni kò wúre fún kí wọ́n tó dì í sínú àpótí. Ìdáhùn ìbéèrè rẹ àkọ́kọ́ nìyẹn. Mi ò fẹ́ fi í ṣe nǹkan kan. Mo fẹ́ kó ní ibì kan tí ẹnikẹ́ni kò ti ní gbé e kúrò mọ́ ni. Mo ti bá Tósìn ọmọ mi sọ ọ́ dáadáa, ó gbà láti mú un lẹ́yìn mi, orúkọ Charlie sì ti wà nínú ìwé ìhágún mi.

Ọjọ́ tó dé ilé mi, ìsàlẹ̀ àgò lọ́wọ́ ẹ̀yìn ló sá lọ, ó sún mọ́ igun, ó sì ń kùn. O ò tíì gbọ́ irú ohùn yẹn rí. Inú ọ̀fun ló ti ń gbọ̀n jáde, bí ajá tó rí àlejò lẹ́nu géètì. Àwọn odídẹrẹ́ tí wọ́n mú nínú igbó la mọ̀ mọ́ kíkùn bẹ́ẹ̀ jù, ẹ̀rù ló sì ń fà á. Mo ti gbé àgò sí igun pálọ̀ kí ògiri lè wà lẹ́yìn rẹ̀, kó má baà máa ṣọ́ gbogbo ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbé àga tèmi sí ìpẹ̀kun yàrá lọ́hùn-ún, mo kọ ẹ̀gbẹ́ sí i. Ẹyẹ tí àṣá ń pa jẹ kò fẹ́ ojú méjì tó tẹ̀ mọ́ ọn, torí ohun tó ń pẹran jẹ ló ń wo nǹkan bẹ́ẹ̀. Láràárọ̀ ni mo ń ka Sáàmù sókè ní Yorùbá níbi tí mo jókòó sí, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, mi ò sì bá a sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, mo fa àga mi súnmọ́ díẹ̀. Tó bá ti kùn, mo fà á padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Fífà tí mo ń fà á padà yẹn ni mo fẹ́ kó o gbọ́ yé, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti já ẹyẹ yìí kúrò lára àtè, kò sẹ́ni tó bi í ní ohun tó fẹ́. Wọ́n gbé e wọ àpótí, wọ́n gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n gbé e láti ilé dé ilé. Gbogbo ìgbà tó wí pé rárá, kò sẹ́ni tó gbọ́, àfi ìgbà tó bá fi ẹnu gé ẹran ara jẹ. Ó wá mọ̀ pé ẹnu gígé nìkan ni èdè tí ọmọ ènìyàn ń gbọ́. Èmi fẹ́ kó rí i pé tó bá kùn lásán, mo ti gbọ́. Tó bá yí ojú kúrò, mo ti gbọ́. Tí ó bá mọ̀ pé òun lè lé mi sẹ́yìn láìjà, kò sí ìdí fún ìjà mọ́.

Ó ń sọ ọ́ o, Bísí! Odídẹrẹ́ kì í kàn ṣàdéédé géni jẹ. Ẹyinjú dúdú inú ojú rẹ̀ á máa fẹ̀, á máa sún kì. Ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ á dìde, á na ara síwájú, á la ẹnu. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀rù ló bà á, gbogbo ìyẹ́ ara rẹ̀ á lẹ̀ típẹ́, á sì na ọrùn gùn. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló kọ́ mi láti máa wo aláìsàn tí kò lè sọ̀rọ̀, mo sì dúpẹ́ fún un.

Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ, tí wọ́n á ki ọwọ́ bọ àgò, tí wọ́n á fi tówẹ̀lì gbá ẹyẹ mú títí tí kò fi ní jà mọ́. Wọ́n á ní ó ti mọ́ àwọn lọ́wọ́. Mo kórìíra rẹ̀ dé inú. Ẹyẹ tó ṣíwọ́ ìjà níbẹ̀ ti rí i pé kò sí ọ̀nà àbáyọ ni, ẹ̀rù tó wà nínú rẹ̀ kò sì dín kù. Fún ẹyẹ tí wọ́n ti fi ọwọ́ gbá mú nínú igbó rí, ọwọ́ gan-an ni àṣá.

Oúnjẹ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo to oríṣiríṣi nǹkan sínú àwo kan, mo sì wo èyí tó kọ́kọ́ mú: hóró kajú tí kò níyọ̀. Láti ọjọ́ náà, kajú kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀ pátápátá, ó di ohun tó ń ti ọ̀dọ̀ mi wá nìkan. Mo ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgò, mo ju ààbọ̀ hóró kan sínú abọ́ rẹ̀, mo sì ń bá tèmi lọ láìdúró wò ó. Láìpẹ́, tó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, ó ń sún bọ̀ wá síwájú. Mo wá gbé kajú sórí ṣíbí onígi gígùn tí a fi ń ro ọbẹ̀, mo na án sí i láàárín irin àgò. Ó wò ó, ó wò mí, ó padà sẹ́yìn. Mo gbé ṣíbí lọ. Lọ́jọ́ kejì mo tún na án. Bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń lọ, ọwọ́ mi ń sún síwájú lára ìdí ṣíbí, díẹ̀díẹ̀, tí kajú fi bọ́ sórí ìka mi. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbà á níbẹ̀, ó fi ahọ́n dúdú rẹ̀ kan ìka mi wò kó tó mú hóró náà, kò sì gé mi jẹ. Inú mi dùn débi pé mo pe Tósìn níbi iṣẹ́.

Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni nǹkan ń lọ síwájú o. Ní àárọ̀ kan àwọn tó ń tún òrùlé ilé kejì ṣe gbé àkàbà kọjá lójú fèrèsé wa. Charlie já bọ́ láti orí igi tó bà lé, ó ń fi ìyẹ́ gbá irin àgò, ó sì padà sí igun yẹn lẹ́yìn àgò, ó ń kùn. A tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ṣíbí. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti padánù gbogbo nǹkan láìmọye ìgbà ní ẹ̀tọ́ láti tún wò ó bóyá ilẹ̀ tó tẹ̀ yìí á dúró.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ tí n óò máa sọ títí. Ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa kan wà ní Peckham tó ń ta ẹyìn, inú fíríìsà ni wọ́n ń kó o sí. Mo rà á, mo jẹ́ kó yọ́, mo fọ̀ ọ́, mo gbé ẹyọ kan sínú abọ́ Charlie. O gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹyẹ yìí kì í fọwọ́ kan ohun tí kò mọ̀. Kárọ́ọ̀tì tí mo kọ́kọ́ fún un, ó pẹ́ kó tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹyìn yìí, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ gbé e, ó ń bó o. Ó jẹ ẹran ara rẹ̀ tán, epo pupa kùn ún lẹ́nu dé àyà, ó sì ju ekùrọ́ sílẹ̀ gbàgà. Ẹyìn wà lára oúnjẹ tí odídẹrẹ́ fẹ́ràn jù nínú igbó, mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mi ò lè búra pé ó rántí igbó. Ṣùgbọ́n mo jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, mo sunkún.

Oúnjẹ náà tún wúlò fún un. Hóró sunflower nìkan ni wọ́n ti ń fún un láti ọdún gbọ́nhan, ọ̀rá ló kún inú rẹ̀, kò ní fítámì A tó tó, bẹ́ẹ̀ ni kálíṣíọ̀mù inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ní báyìí ó ń jẹ ẹ̀fọ́, kárọ́ọ̀tì, ọ̀dùnkún sísè, ẹyìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àti ata rodo tútù tòun ti kóró inú rẹ̀. Ata kì í ta ẹyẹ rárá. Píà ni kò gbọ́dọ̀ dé ẹnu rẹ̀, májèlé ni fún ẹyẹ, àti ṣokoléètì àti kọfí. Mo ra iná kan tí ìtànṣán rẹ̀ dà bíi ti oòrùn, torí láìsí i, ara odídẹrẹ́ kì í lè lo kálíṣíọ̀mù dáadáa, gìrì sì lè mú un. Páànù tí wọ́n fi Teflon bò nínú, mo kó gbogbo rẹ̀ jáde nílé. Tó bá gbóná jù, èéfín tí àwa ò tilẹ̀ gbọ́ òórùn rẹ̀ lè pa ẹyẹ níṣẹ̀ẹ́jú díẹ̀. Epo yíyan fún ọbẹ̀ ayamáṣe ti di ilé àbúrò mi. Oorun ńkọ́? Níbi tó ti wá, ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba jálẹ̀ ọdún. Níbí, nígbà ooru, ojú ọjọ́ ṣì mọ́ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Mo ń fi aṣọ òkè àtijọ́ kan bo àgò rẹ̀ ní aago méje kó lè rí nǹkan bíi wákàtí 12 sùn.

Àyà rẹ̀ tó tu ńkọ́? Dókítà kọ́kọ́ wá àrùn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò rí. Àìríkan-ṣe àti ìdáwà ló kù. Nínú igbó, odídẹrẹ́ ń sùn pọ̀ lórí igi gíga ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ọkọ àti aya kì í sì í jìnnà síra. Kí ẹ mú irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ kí ẹ dá a tì sínú yàrá láti àárọ̀ dalẹ́! Mo ń fún un ní páálí, igi rírọ̀, àti ìwé ìròyìn kó máa fà ya. Ìyẹ́ kéékèèké ti ń hù níbì kan. Níbòmíràn kò ní hù mọ́ láé, gbòǹgbò rẹ̀ ti kú. Ó rẹwà lójú mi bẹ́ẹ̀.

Nípa ọ̀rọ̀ sísọ. Ó ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ilé àná ló sì ń sọ jù. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, kò jẹ́ sọ nǹkan kan níwájú mi. Láti ilé ìdáná ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ: ìró kẹ́tù tó ń hó, aago ẹnu ọ̀nà, ikọ́ bàbá arúgbó, lẹ́yìn náà ni ohùn bàbá yẹn pe Maureen, bí ẹni wà ní yàrá kan tó ń pe ẹni tó wà ní yàrá kejì. Bóyá ìyàwó bàbá náà ni. Tó bá ti pe Maureen báyìí, mo máa ń dá a lóhùn láti ibi tí mo bá wà, torí ìpè lẹ́nu odídẹrẹ́ ni láti mọ̀ bóyá ẹnì kan wà nítòsí. Ní alẹ́ kan, bí mo ṣe ń gbé aṣọ òkè bọ̀ láti fi bò ó, kí n tó lanu, òun ló kọ́kọ́ wí pé, "Ó dàárọ̀ o." Ohùn mi gan-an ló fi sọ ọ́.

Má rò pé àfarawé lásán ni. Obìnrin onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Irene Pepperberg, ra odídẹrẹ́ kan ní 1977, ó sọ ọ́ ní Alex, ó sì fi 30 ọdún kọ́ ọ. Alex mọ ọ̀rọ̀ tó lé ní 100, ó mọ orúkọ àwọ̀ àti ìrísí nǹkan, ó lè ka nǹkan dé mẹ́fà, ó sì lè sọ ohun tó fi nǹkan méjì jọra tàbí tó fi wọ́n yàtọ̀. Ó kú ní 2007 ní ọmọ ọdún 31. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn rẹ̀ ni pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá. Tí iṣẹ́ bá sú u, a ní òun fẹ́ padà síbi òun, wọ́n a sì gbé e padà.

Charlie ti ń gun apá mi báyìí. Ọ̀pá igi ni mo kọ́kọ́ na sí i, ó gùn ún, ó gba kajú, ó sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó wù ú. Mo jẹ́ kó mọ̀ pé ọ̀nà àtisọ̀kalẹ̀ ṣí sílẹ̀ nígbà gbogbo. Lẹ́yìn èyí mo na apá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, láìsọ nǹkan, ní ọ̀sán kan ó sì gbé ẹsẹ̀ kan lé e, ó dúró, ó gbé ìkejì. Bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, èjìká àga ló bà lé lẹ́yìn mi. Nígbà mìíràn ó máa ń tẹ orí ba, á gbé ìyẹ́ ọrùn sókè jẹ́jẹ́, ìyẹn ni pé kí n fi ìka họ ọ́ lórí. Orí àti ọrùn nìkan ni mo ń kàn. Tó bá gbé orí sókè, mo dúró.

Ní ti ìkóódẹ, ó ń jábọ́ nígbà tó bá ń pa ìyẹ́ dà. Mo mọ iyì rẹ̀, pàápàá fún ìwọ tó o fẹ́ ọmọ Ìwó, ìlú tí odídẹrẹ́ wà nínú oríkì rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń fi ìkóódẹ sí ìyàwó òrìṣà lórí, láti Òṣogbo títí dé Bahia ní Brazil, kò sí ìyẹ́ mìíràn tó lè rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin CITES tó ń dáàbò bo ẹyẹ yìí bo ìyẹ́ rẹ̀ náà. Mi ò lè fi í ránṣẹ́ kọjá ẹnubodè láìsí ìwé àṣẹ, mi ò sì ní dọ́gbọ́n fi sínú ẹrù ẹnikẹ́ni. Jọ̀ọ́, má bínú. Tí wọ́n bá ní kí ẹyẹ má kú tán, ẹ jẹ́ ká ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ó wá ku Káyọ̀. Bísí, mo fi ọlá ọ̀rẹ́ wa bẹ̀ ọ́, bá mi bá a sọ̀rọ̀ kó tó sanwó. Odídẹrẹ́ kékeré tí ẹni yẹn fẹ́ tà fún un, inú ihò igi ni ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ ọ́. Igi ńlá tó ti gbó nìkan ló ń ní irú ihò bẹ́ẹ̀, ẹyin mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ìyá rẹ̀ ń yé, nígbà mìíràn wọ́n á sì gé igi náà lulẹ̀ kí ọwọ́ wọn lè tó o. Ní Ghana, àwọn onímọ̀ tó lọ kà wọ́n rí i pé iye tó ṣẹ́kù kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá iye tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Tiwa ńkọ́? Ìgbà wo lo gbọ́ odídẹrẹ́ gbẹ̀yìn nínú oko Ìwó? Àti ọmọ náà: nígbà tó bá ń lọ sí yunifásítì, ẹyẹ yẹn á ṣì ní ọ̀pọ̀ ọdún níwájú láti gbé. Ta ni yóò dá a lóhùn nígbà tó bá pè é? Sọ fún Káyọ̀ pé n óò fi awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀, èyí tó dára, kí wọ́n jọ máa jí lọ sí etí odò láàárọ̀ kùtùkùtù lọ wo ẹyẹ níbi tí ẹyẹ wà. Tó bá ti gbà, kí ó pè mí, n óò rà á lọ́sẹ̀ yẹn.

Jẹ́ kí n mọ̀ tí físà tó o fẹ́ fi wá kí mi níbí bá jáde. Tó o bá dé, má lọ sí ìdí àgò lójú ẹsẹ̀. Àga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ibẹ̀ ni kó o jókòó, kó o máa bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á wá wò ọ́ tó bá yá. Yẹtí wúrà ńlá yẹn, fi í sílẹ̀ sínú àpótí, á já a. Gèlè gíga náà, ṣe sùúrù fún un ní ọjọ́ mélòó kan. Bá mi mú ẹ̀lùbọ́ Ṣakí bọ̀, má gbàgbé. Yàrá òkè lọ́wọ́ ẹ̀yìn ni mo ti tún ṣe dè ọ́, torí aago mẹ́fà àárọ̀ ni Charlie ń bẹ̀rẹ̀ sí ké, ìwọ ò sì fẹ́ràn kí wọ́n jí ọ lójú oorun.

Bá mi kí Bàbá Káyọ̀ àti gbogbo ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Adùnní.